Pẹpẹ àti Ìjọsìn: Ìbéèrè Tí Àwọn Onígbàgbọ́ Ilẹ̀ Òkun Ń Béèrè Léraléra

Ìbéèrè wọ̀nyí ló máa ń jáde ní kíláàsì ìrìbọmi, ní ìpàdé obìnrin àti ní ìpàdé ọ̀dọ́, ní gbogbo ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọpà dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú agbo ilé.

Kí ni pẹpẹ gan-an?

Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, pẹpẹ ni ibi tí wọ́n fi amọ̀ mọ ga sókè lára ògiri, tí wọ́n ń gbé ìkòkò, igbá tàbí fìtílà lé. Orúkọ ohun inú ilé yìí ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mú. Wọn kò mú ojúbọ. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, ó sì ti pẹ́ tí "tẹ́ pẹpẹ" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa: Nóà tẹ́ pẹpẹ, Ábúráhámù tẹ́ pẹpẹ.

Lójú tiwa, wọ́n yàn án dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ ojúbọ, ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ ni ọkàn yín yóò kọ́kọ́ lọ bá. Bí ẹ bá gbọ́ pẹpẹ, ohun tí ènìyàn gbé lé e ni ẹ ó rò. Èyí sì ni kókó rẹ̀: pẹpẹ ni ibi tí ènìyàn gbé ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lé, tó sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ nítorí pé ó ti di ti Ọlọ́run. Ẹni tó gbé e lé tí kò yọwọ́, kò tíì rúbọ.

Ìjọsìn ńkọ́? Ṣé orin tí a ń kọ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀ ni?

Orin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n orin nìkan kọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: kí a jọ sìn. Sísìn sì jẹ́ iṣẹ́, bí ìyàwó ṣe ń sin ìyá ọkọ, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń sin ọ̀gá.

Nígbà tí Ábúráhámù ń sọ fún àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ pé òun àti ọmọ náà ń lọ jọ́sìn (Jẹ́nẹ́sísì 22:5), ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí kí ènìyàn dojú bolẹ̀. Igi, iná àti ọ̀bẹ ni wọ́n gbé gun òkè. Wọn kò gbé ìlù.

Pẹpẹ mélòó ló wà nínú àgọ́ tí Mósè pa? Báwo ni wọ́n ṣe tóbi tó?

Méjì ni. Èkíní ni pẹpẹ ẹbọ sísun (Ẹ́kísódù 27:1–8). Pákó igi ṣítímù ni wọ́n fi kàn án, inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì fi idẹ bò ó. Ìgbọ̀nwọ́ 5 ni gígùn rẹ̀, 5 ni ìbú rẹ̀, 3 ni gíga rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ kan jẹ́ láti ìgúnpá dé orí ìka àárín, bíi sẹ̀ntímítà 45, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó mítà méjì lé díẹ̀, ó sì ga dé àyà àgbàlagbà. Ó ní ìwo mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọ̀n idẹ wà nínú rẹ̀, òrùka àti ọ̀pá sì wà tí wọ́n fi ń gbé e rìn. Ìkòkò eérú, ọkọ́, àwokòtò, àmúga ẹran àti àwo iná, idẹ ni gbogbo wọn.

Ìkejì ni pẹpẹ tùràrí (Ẹ́kísódù 30:1–10). Kékeré ni: ìgbọ̀nwọ́ 1 ní gígùn, 1 ní ìbú, 2 ní gíga. Wúrà ni wọ́n fi bo èyí, inú àgọ́ ló sì wà, níwájú aṣọ ìkélé. Ẹran kì í jó lórí rẹ̀. Tùràrí nìkan ni, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Pẹpẹ idẹ wà lóde, lójú ẹnu ọ̀nà, agbada omi tẹ̀lé e, kí a tó dé inú níbi tí wúrà wà. Àlùfáà kò lè fò kọjá ẹ̀jẹ̀ àti omi kó lọ bá òórùn dídùn. Ní Ọjọ́ Ètùtù, ẹyin iná orí pẹpẹ níwájú Olúwa ni olórí àlùfáà ń bù sínú àwo iná kí ó tó mú tùràrí wọlé (Léfítíkù 16:12). Nádábù àti Ábíhù, àwọn ọmọ Áárónì àlùfáà, mú iná mìíràn wá, wọ́n sì kú sí i (Léfítíkù 10:1–2).

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi ní kí wọ́n má gbẹ́ òkúta pẹpẹ?

Ẹ́kísódù 20:24–26 ni. Erùpẹ̀ ni kí wọ́n fi mọ pẹpẹ, tàbí òkúta tí irin kò kàn. Ẹni tó bá gbé irinṣẹ́ lé e ti bà á jẹ́. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi àtẹ̀gùn gùn ún, kí ìhòòhò àlùfáà má baà hàn.

Pẹpẹ tí a gbẹ́ dáadáa á gba ìyìn fún agbẹ́kùúta. Àwọn ará Kénáánì tó wà láyìíká wọn mọ òkúta gbẹ́ dáadáa. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ìjọ bá ń dá owó táìsì orí pẹpẹ: táìsì kò burú, àmọ́ kò fi ohunkóhun kún ẹbọ.

Kí ni ìrìn Ábúráhámù kọ́ wa nípa pẹpẹ?

Ibi mẹ́rin ni ìwé Jẹ́nẹ́sísì ti sọ pé ó tẹ́ pẹpẹ: Ṣékémù (12:7), àárín Bẹ́tẹ́lì àti Áì (12:8), Hébúrónì (13:18), àti òkè kan ní ilẹ̀ Móráyà (22:9). Inú àgọ́ ló ń gbé. Àgọ́ ló ń ká, pẹpẹ ló ń fi sílẹ̀. Ní Ṣékémù, àwọn ará Kénáánì ṣì wà ní ilẹ̀ náà nígbà tó tẹ́ ti àkọ́kọ́. Kò dúró dìgbà tí ilẹ̀ di tirẹ̀ kó tó sìn.

Lẹ́yìn náà ni ìyàn lé e lọ sí Íjíbítì. A kò rí i kà níbẹ̀ pé ó tẹ́ pẹpẹ kankan. Irọ́ tó pa nípa Sáráì la rí kà. Nígbà tó padà, ibi pẹpẹ tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀ nítòsí Bẹ́tẹ́lì ló wá lọ, ó sì tún ké pe orúkọ Olúwa níbẹ̀ (13:3–4). Ẹni tó ti ṣáko nínú ìgbàgbọ́ kò nílò ibi tuntun. Kó padà síbi tó ti mọ̀ ọ́n.

Jésù ti kú. Ṣé a tún nílò pẹpẹ?

A kò nílò pẹpẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Hébérù 10:12 sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ló rú ẹbọ fún ẹ̀ṣẹ̀, ó sì jókòó. Nínú àgọ́ Mósè kò sí àga fún àlùfáà, nítorí iṣẹ́ wọn kì í tán.

Ṣùgbọ́n orí 13:10 ìwé kan náà sọ pé "àwa ní pẹpẹ kan", ẹsẹ 15 àti 16 sì dárúkọ ohun tó kù tí a ń gbé wá: ẹbọ ìyìn, oore ṣíṣe, àti pípín fún ẹlòmíràn. Róòmù 12:1 fi ara wa kún un gẹ́gẹ́ bí ẹbọ ààyè. Ìṣòro ẹbọ ààyè ni pé ó lè dìde kúrò lórí pẹpẹ nígbàkúùgbà, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń tún un gbé kalẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ló fà á tí pẹpẹ ìjọ kan kò fi jọ ti èkejì?

Ẹ̀kọ́ wọn nípa Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ló yàtọ̀. Nínú ìjọ Àgùdà, ẹbọ ni Máàsì, nítorí náà pẹpẹ ni ọkàn ilé náà. Bíṣọ́ọ̀bù ló ń fi òróró yà á sí mímọ́. Ó kéré tán, aṣọ funfun kan ní láti wà lórí rẹ̀, àbẹ́là méjì tó ń jó, àti àgbélébùú tó ní àwòrán Olúwa, lórí rẹ̀ tàbí nítòsí. Áńgílíkà ń pè é ní pẹpẹ lẹ́nu, àmọ́ Tábìlì ni ìwé àdúrà wọn ti 1662 pè é, pẹ̀lú aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun lórí rẹ̀.

Ní ìjọ ECWA, tó jáde láti inú iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì SIM tí Tommy Titcombe mú dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, àga ìwàásù ló sábà máa ń wà láàárín, tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá ECWA kan lè máa sọ pé "pásítọ̀ ń bẹ lórí pẹpẹ", kó sì jẹ́ pákó ìwàásù ló ní lọ́kàn. Nínú ìjọ Aládùúrà, orí pẹpẹ ní àbẹ́là, òórùn tùràrí, àti òfin nípa ẹni tó lè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò, ẹ béèrè kí ẹ tó gun òkè; bí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ. Ìyẹn kò sọ yín di ọmọ ìjọ wọn.

Báwo ni a ṣe ń tẹ́ pẹpẹ ìdílé?

Àdúrà àti kíkà Bíbélì tí gbogbo ilé jọ ń ṣe ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Àkókò ni ẹ kọ́kọ́ mú, èyí tí kò ní máa yẹ̀. Ní ilé àgbẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ló dára jù, kí ẹni tó ń lọ oko tó mú àdá. Ní ilé olùkọ́ tàbí oníṣòwò, aago mẹ́jọ alẹ́ lè rọrùn jù. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó. Ibi kan náà ni kí ẹ máa lò, ìbáà jẹ́ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Bíbélì, ìwé orin, àti tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni gbogbo ẹrù tí ẹ nílò.

Orin kan ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ méjì péré. Ẹ ka Sáàmù kan, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ẹsẹ kan títí yóò fi yípo. Ẹ ka nǹkan bí ìdajì orí nínú Ìhìn Rere. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan béèrè ìbéèrè kan, kí àgbà kan dáhùn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbàdúrà ní gbólóhùn méjì, kí gbogbo ilé sì fi Àdúrà Olúwa parí rẹ̀. Máàkù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, orí 16 ni. Bí ẹ bá ń ka ìdajì orí lójúmọ́, ẹ ó kà á tán ní ọjọ́ 32. Sáàmù kan lójúmọ́ á gbà yín bí oṣù márùn-ún. Bí ẹ bá dé Sáàmù 119, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ 176 ni, ó sì ti pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà 22, ẹsẹ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ mú ìpín kan lójúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oorun á ti gbé àwọn ọmọ lọ kí ẹ tó dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí Ìyá gbàdúrà ní Owé, ní Bùnú tàbí ní Yàgbà, bí ó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó ti Àbújá dé fún ìsinmi lè fi Gẹ̀ẹ́sì gba tirẹ̀. Ilé tó fi dandan mú gbogbo ènìyàn láti gbàdúrà bíi Bíbélì 1884 yóò rí i pé ènìyàn méjì péré ló ń gbàdúrà.

A bẹ̀rẹ̀ pẹpẹ ìdílé lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kú. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Gígùn ló sábà máa ń pa á. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ìwàásù ti di wákàtí kan, àwọn ọmọ á máa wá ìdí tí wọn kò fi ní sí nílé. Èkejì ni pé a sọ ọ́ di kóòtù: "Olúwa, dárí ji ẹni tó bu ẹran nínú ìkòkò lánàá." Ọmọ tó gbọ́ irú àdúrà yìí mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ọlọ́run. Ẹ bá a wí nígbà mìíràn, ní yàrá.

Bí olórí ilé bá rìnrìn àjò, pẹpẹ náà kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ìyá àgbà Tímótì, Lóísì, àti ìyá rẹ̀, Yúníìsì, ni Pọ́ọ̀lù dárúkọ nígbà tó ń sọ ibi tí ìgbàgbọ́ ọmọ náà ti wá (Tímótì Kejì 1:5). Bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù tí ẹ kò gbọ́ ara yín, ẹ fi kíkà sílẹ̀, ẹ kọrin.

Fóònù ńkọ́? Ẹni tó ń ka Bíbélì lórí fóònù kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó pa dátà rẹ̀.

Wọ́n ní iná orí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kú. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí fún èmi?

Léfítíkù 6:10–13 ni. Ẹ kà á dáadáa, ẹ ó rí i pé eérú ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Àlùfáà á wọ aṣọ ọ̀gbọ̀, á kó eérú alẹ́ àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, á pààrọ̀ aṣọ, á gbé eérú náà lọ sẹ́yìn ibùdó. Lẹ́yìn náà ni yóò to igi tuntun sí i ní òròòwúrọ̀.

Ẹni tó ń fi igi dáná mọ èyí láìsí pé wọ́n kọ́ ọ. Eérú tí a kò kó ló ń sé iná mọ́lẹ̀. Ẹ lè fẹ́ ẹ títí ojú yín á fi pọ́n, èéfín nìkan ni yóò máa rú. Eérú ni ohun tí iná àná jó kù: ẹ̀rí ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí a ṣì ń jẹ́, ipò tí a di mú nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti jẹ́wọ́ tí a tún ń hú jáde. Ohun rere wà nínú wọn, àmọ́ wọn kò lè jó mọ́. Igi tuntun sì ni kíkà òní àti ìgbọràn òní. Ọlọ́run ló dá iná náà (Léfítíkù 9:24). Wọn kò ní kí àlùfáà dá a, wọ́n ní kó máa fún un ní igi.

Ṣé dandan ni kí n tan àbẹ́là bí mo bá ń gbàdúrà nílé?

Kò sí ibi tí Májẹ̀mú Tuntun ti fi dandan lé e. Bí ó bá jẹ́ àṣà ìjọ yín, ẹ tàn án bó ṣe yẹ: inú agolo tí ẹ da iyanrìn sí títí dé ìdajì, ó jìnnà sí kọ́tìnì àti àpótí aṣọ tó mítà kan, kò sì gbọdọ̀ wà lórí àga rọ́bà. Nígbà ọyẹ́, gbogbo nǹkan ti gbẹ, afẹ́fẹ́ sì le. Ẹ ti fèrèsé tó wà lápá ibẹ̀. Ẹ má sùn tì í. Yàrá tí epo bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ wà kì í ṣe ibi àbẹ́là rárá.

Nígbà tí wọ́n bá pe ènìyàn jáde síwájú pẹpẹ, ṣé bí n kò bá jáde n kò tíì gba ìgbàlà?

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣà pípe ènìyàn síwájú yìí gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oníwàásù Charles Finney sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di mímọ̀ ní nǹkan bí 1830. Ó wúlò: ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ìjọ mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé dé ilé. Róòmù 10:9 sọ̀rọ̀ ẹnu àti ọkàn, kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí ènìyàn kan náà máa jáde ní gbogbo ìsọjí, ní ọdọọdún. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìpè mìíràn. Ó nílò ẹnì kan tí yóò jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta.

Èmi àti arákùnrin mi ń jà lórí ààlà oko. Ṣé mo lè mú ọrẹ wá?

Mátíù 5:23–24 ti dáhùn: fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kọ́kọ́ lọ bá a làjà, kí o tó padà wá. Ẹ kíyè sí i pé Jésù kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti rántí pé ó ní nǹkan sí yín nínú, ẹ̀yin lẹ ó dìde.

Ẹ má dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ lọ bá a láàárín ọ̀sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tó ti oko dé tó ti jẹun. Ẹ mú àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún dání, kó má jẹ́ ẹni tó jẹ́ ti ẹ̀yìn yín nìkan. Ẹ má kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ààlà. Ẹ kí i, ẹ béèrè ará ilé. Bí ó bá kọ̀ láti gbọ́, "níwọ̀n bí ó ti wà ní ọwọ́ yín" ni Róòmù 12:18 sọ. Ẹ ti ṣe tiyín, ẹ mú ọrẹ yín wá. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè máa lọ lọ́dọ̀ ọba tàbí ní kóòtù, kí ìkórìíra má sì sí níbẹ̀.

Ọrẹ mélòó ni mo ní láti gbé sórí pẹpẹ kí àdúrà mi tó gbà?

Kò sí iye kankan. Òfin Mósè gan-an gbé e sọ́kàn pé olówó kì í ṣe gbogbo ènìyàn: ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn, kó mú àdàbà méjì wá; ẹni tí kò ká àdàbà, kó mú ìyẹ̀fun wá, ìdámẹ́wàá òṣùwọ̀n éfà kan (Léfítíkù 5:7–11). Iṣẹ́ kan náà ni ìyẹ̀fun náà ṣe. Ẹni tó bá dúró lórí pẹpẹ lónìí tó ń pe iye owó fún ìbùkún ti le ju Mósè lọ.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Árúnà fẹ́ fún Dáfídì ní ilẹ̀ ìpakà àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́, Dáfídì sì kọ̀. Ó san ṣékélì fàdákà 50, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ (Sámúẹ́lì Kejì 24:24). Málákì bá àwọn tó ń mú ẹran afọ́jú àti arọ wá wí, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún gómìnà wọn wò (1:8). Ní àkókò ìkórè, ẹ wo ìdí iṣu tó wà níwájú pẹpẹ. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí àdá gé nígbà tí wọ́n ń wà á, èyí tí ẹ kò lè gbé fún àna yín, ẹ má gbé e wá.

Mo ń gbàdúrà, mo ń kọrin, n kò mọ nǹkan kan lára. Ṣé pẹpẹ mi ti wó ni?

Ó lè jẹ́ ara ló rẹ̀ yín. Kí Èlíjà tó gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, oúnjẹ àti oorun ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì (Àwọn Ọba Kìíní 19:5–7). Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú lóru, ẹ ka Sáàmù kan kí ẹ sì sùn.

Bí kò bá jẹ́ àárẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí ẹ mọ̀ tí ẹ kò fẹ́ fi sílẹ̀. Lórí òkè Kámẹ́lì, títún pẹpẹ Olúwa tó ti wó ṣe ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ Èlíjà, pẹ̀lú òkúta 12, kó tó sọ̀rọ̀ iná (Àwọn Ọba Kìíní 18:30–31). Bí ẹ bá ti wá a tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ máa bá a lọ. Ìmọ̀lára kì í ṣe igi tí iná náà ń jẹ.

Ìyá àgbà wa sin ẹbọra kó tó kú. Ohun èlò rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá rẹ̀. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín. Àwọn ohun èlò kan jẹ́ ti òun nìkan. Àwọn mìíràn, bíi ti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ofosi, lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó ṣì wà ní ìlú. Àwọn mìíràn jẹ́ ti gbogbo agbo ilé. Ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n wá gbé e. Ohun tó jẹ́ ti agbo ilé, ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ̀gbọ́n àgbà sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan tí ẹ jogún, ẹ lè sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, ní ọ̀sán, pẹ̀lú àdúrà, láìsí ariwo àti láìsí fóònù tó ń ya fídíò. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń kiri ra ère àtijọ́. Òfin ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kàn máa tà wọ́n bó ṣe wù ú.

Ní Éfésù, àwọn tó sun ìwé idán, tiwọn ni wọ́n sun, iye rẹ̀ sì tó ẹgbẹ̀rún 50 owó fàdákà (Ìṣe 19:19). Wọn kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa Gídíónì yọ láti lọ sun ojúbọ ìlú gbàgbé pé pẹpẹ tó wó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, Olúwa fúnra rẹ̀ ló rán an, bàbá náà ló sì gbèjà rẹ̀ láàárọ̀ (Àwọn Onídàájọ́ 6:25–31). Abala 38 òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ti ẹlẹ́bọra pẹ̀lú tiwa. Ẹni tó sun ojúbọ ẹlòmíràn á dé àgọ́ ọlọ́pàá, ìjọ ni yóò sì lọ gba béèlì rẹ̀.

Wọ́n ní pẹpẹ ibi ilé bàbá mi ló ń dí mi lọ́nà, wọ́n sì ní kí n mú owó wá fún àdúrà òru méje. Ṣé òótọ́ ni?

Pẹpẹ tí wọ́n fi sin nǹkan mìíràn wà lóòótọ́, Bíbélì kò sẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ́ tí àwọn òbí jẹ́ lórí ọmọ náà wà, ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n jẹ́ irú rẹ̀ lórí òun lè kọ̀ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, níwájú alàgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kan tó. Kólósè 2:14–15 sọ pé àkọsílẹ̀ tó lòdì sí wa ni Kírísítì ti kàn mọ́ àgbélébùú.

Ohun tí a kọ̀ ni owó náà. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò wó pẹpẹ ilé bàbá yín, tí ẹ sì rí i pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ti ń gbé nǹkan lọ báyìí, tí ẹ̀rù sì ń bà yín bí ẹ kò bá gbé e lọ, pẹpẹ kejì ni wọ́n tẹ́ fún yín. Ẹ tún wo ohun mìíràn: ọmọ tí kò yege ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí ẹ tó mú un lọ sí aginjù àdúrà.

Ẹbí ń dá owó ọdún ìbílẹ̀, wọ́n sì ń pín ẹran rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ olóyè, ó sì ní kí n di òun lọ́wọ́ mú lọ. Kí ni kí n ṣe?

Lórí owó, ẹ yà á sọ́tọ̀: "Ẹ fi tèmi ra omi àti oúnjẹ àlejò, ẹ má fi ra ẹran ẹbọ." Ẹ sọ ọ́ fún olórí ẹbí kí ọdún tó dé, ní ìdákẹ́jẹ́, kí owó náà sì pé. Ẹni tó kọ̀ láti san owó ọdún tí kò sì san owó títún ọ̀nà ṣe, wọn yóò mọ̀ pé ahun ni.

Lórí ẹran, Kọ́ríńtì Kìíní 10:25–28 ti là á: èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ rà, ẹ má béèrè. Bí ẹnì kan bá wí fún yín pé wọ́n ti fi rúbọ, ẹ má jẹ ẹ́, nítorí ẹni tó sọ fún yín. Bí Ìyá bá gbé àwo rẹ̀ fún yín, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ ní, "Ìyá, mi ò ní lè jẹ ẹ́, ẹ má bínú," kí ẹ sì jẹ iṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá dá wà.

Lórí Bàbá, ẹ ka ọ̀rọ̀ Námánì, olórí ogun Síríà (Àwọn Ọba Kejì 5:17–19). Ó bu erùpẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ẹrù ìbaaka méjì, lọ sí Síríà, ó ní òun kò ní rúbọ sí ọlọ́run mìíràn mọ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé bí ọ̀gá òun bá fara ti òun lọ́wọ́ wọ ilé Rímónì, òrìṣà wọn, kí Olúwa dárí ji òun. Èlíṣà kò sọ pé kó ṣe é, kò sì bú u. Ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà. A máa ń gba àwọn ọmọ olóyè nímọ̀ràn báyìí: ẹ di Bàbá lọ́wọ́ mú, kó má ṣubú lójú ọ̀nà; ẹ gbé àga rẹ̀, ẹ gbé omi rẹ̀, ẹ jókòó tì í ní gbangba. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi ẹbọ gan-an, ẹ fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ dúró níta, ẹ padà gbà á nígbà tó bá jáde. Kí ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nílé, ẹ̀yin méjì nìkan, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó lè mọ ẹni tí yóò dì í mú ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó kù.